Ilé Ìtajà Aṣọ Kan ní Balógun Tó Ń Jẹ́ Kí Oníbàárà Rí Ohun Tó Ń Rà

Ilé ìtajà aṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ní àkọlé lẹ́nu ọ̀nà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, nínú ilé àtijọ́ kan ní ọ̀kan lára àwọn òpópó tóóró tó so ọjà Balógun pọ̀ mọ́ òpópónà Martins ní Erékùṣù Èkó, àwọn tó ń ta bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ sì ti gba gbogbo iwájú ilé náà, débi pé ẹni tí kò bá ní amọ̀nà lè kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ta aṣọ lókè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ga. Léèsì, dàmáàsìkì, sátìn, àrán, àǹkárá díẹ̀ àti aṣọ òkè ni wọ́n ń tà. Owó ọjà wọn fi díẹ̀ ju ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì rò pé òun lè ná an títí yóò fi dé ìdajì yóò kàn fi ẹnu ara rẹ̀ ṣòfò ni. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tó yẹ kí ó ti ra aṣọ ẹbí ní Èkó, ibẹ̀ ni mo máa ń júwe fún un, nítorí fèrèsé ńlá kan tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà àti nítorí bí ìyá tó ni ín ṣe mọ̀ ọ́n lò.

Ẹni tó bá mọ Balógun dáadáa mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n sì ti fi gílóòbù funfun tó mọ́lẹ̀ rokoṣo síbẹ̀, tí gbogbo ọjà fi máa ń dà bí ọ̀tun. Kò sí ẹni tó ń purọ́ fún oníbàárà níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan òtítọ́ nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Àwọ̀ kì í dá gbé inú aṣọ. Ohun tí wọ́n fi pa aṣọ láró máa ń gbé apá kan mì nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e, á sì dá apá yòókù padà. Apá tó dá padà yẹn ló ń dé ojú wa tí a fi ń sọ pé aṣọ yìí pupa tàbí pé aláwọ̀ ewé ni. Bí ohun tí ó yẹ kí aṣọ dá padà kò bá sí nínú ìmọ́lẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí aṣọ yóò ti rí i mú wá.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kó gbogbo àwọ̀ tí ojú ènìyàn lè rí sínú, òṣùmàrè sì ń fi wọ́n hàn wá nígbàkúùgbà tí òjò àti oòrùn bá pàdé. Ti gílóòbù LED yàtọ̀ sí èyí. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná aláwọ̀ búlúù ló wà nínú gílóòbù náà gan-an, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun kan tó ní àwọ̀ ìyeyè bò ó. Ìyẹ̀fun yìí máa ń gba díẹ̀ lára búlúù náà, á sọ ọ́ di ìyeyè, àpapọ̀ méjèèjì ni ojú wa sì ń kà sí funfun. Pupa tó jinlẹ̀ kì í pọ̀ nínú èyí tí owó rẹ̀ bá kéré. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn tó ń ṣe iná fi ń mọ bí iná kan ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn tó, 100 sì ni òpin rẹ̀. Ní tèmi, iná tí kò bá tó 90 kò yẹ ní ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ olówó ńlá, ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ní Balógun ní iye tí gílóòbù tirẹ̀ jẹ́ lórí òṣùwọ̀n yìí, kí ẹ wo bí yóò ṣe máa wò yín. Ìdí nìyí tí léèsì aláwọ̀ wáìnì fi lè jọ búráùn nínú ṣọ́ọ̀bù, tí yóò sì di pupa tó jinlẹ̀ nígbà tí ẹni tó rà á bá jáde sí gbangba.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan gbé gèlè aláwọ̀ ewé wá, tó ń wá léèsì tí yóò bá a mu. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ gílóòbù, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ́ gèlè náà lé orí léèsì, àwọ̀ méjèèjì sì dọ́gba pátápátá. Ọmọbìnrin tó ń tà á ti mú sísọ́ọ̀sì dání kí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tó dá a dúró.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kó gé e. Ẹ gbé méjèèjì wá sójú fèrèsé.”

“Màmá, wọ́n ti bá ara wọn mu o.”

“Lábẹ́ iná wa ni wọ́n ti bára mu. Ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ńkọ́, ṣé inú họ́ọ̀lù ni àbí abẹ́ kánópì?”

Abẹ́ kánópì ni. Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ méjèèjì dé ojú fèrèsé, léèsì náà fà sí búlúù, gèlè sì fà sí ìyeyè, ìyàtọ̀ wọn sì hàn gbangba débi pé obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti pààrọ̀ léèsì náà mọ́ òun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ohunkóhun. Oríṣi mẹ́ta péré ni àwọn èròjà tó ń mọ àwọ̀ nínú ojú wa, ìdáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ọpọlọ sì fi ń pinnu àwọ̀. Aró méjì tí kò jọ ara wọn rárá lè mú kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn bákan náà lábẹ́ iná kan, nítorí pé ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí nínú iná yẹn. Bí iná bá yí padà, ìbáramu náà tú ká. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń burú jù nígbà tí gèlè bá jẹ́ ọ̀rá tí léèsì sì jẹ́ òwú, nítorí pé aró tí wọ́n fi ń pa ọ̀rá kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń pa òwú. Ìyá náà pàdánù gígé léèsì yẹn, ó sì tú ọ̀pọ̀ ìdì aṣọ kí ó tó rí èyí tó bá gèlè náà mu lábẹ́ iná àti lójú fèrèsé. Mi ò mọ ibi mìíràn ní àdúgbò yẹn tí wọ́n ti máa ń fi ọwọ́ ara wọn dá ọjà tó ti tà tán dúró.

Dàmáàsìkì ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣàlàyé jù. Ẹ mú dàmáàsìkì aláwọ̀ kan ṣoṣo, irú èyí tó ní òdòdó lára: òwú kan náà ni wọ́n fi hun òdòdó àti ilẹ̀ rẹ̀, inú aró kan náà ni wọ́n sì ti rẹ gbogbo rẹ̀. Ohun tó mú kí òdòdó yà sọ́tọ̀ ni pé òwú tó lọ lóòró ló wà lókè níbi kan, tí èyí tó lọ níbùú sì wà lókè níbi kejì. Òwú tó bá nà gbọọrọ máa ń da ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ibi tí ojú wa bá wà sí i ló ń sọ èyí tí yóò tàn àti èyí tí yóò ṣú. Ìyá náà a dúró lójú fèrèsé, a na aṣọ náà ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, a sì yí i díẹ̀díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Òdòdó tó ń dán á ṣú, ilẹ̀ rẹ̀ á sì tàn. Bó bá tún yí i, wọ́n á gba ipò ara wọn padà. Ayédèrú tí wọ́n kàn tẹ òdòdó sí lójú kò lè ṣe èyí, bó ti wù kí wọ́n yí i tó. Fún ẹni tó ń ra dàmáàsìkì fún agbádá, ìdánwò yìí nìkan tó owó ọkọ̀ tó wọ̀ dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni sátìn fi ń dán. Òwú rẹ̀ máa ń fo orí ọ̀pọ̀ òwú kejì kọjá kí ó tó wọlẹ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e sì ń ta padà sí ọ̀nà kan pọ̀. Nínú aṣọ òwú lásán, òwú ń gun orí ara wọn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ sì ń tú ká sí gbogbo ìhà, ojú rẹ̀ á wá rọlẹ̀. Ìyá náà kì í fi pamọ́ fún oníbàárà pé ohun tó ń mú sátìn dán ló ń mú un bàjẹ́: òwú tó gùn lójú aṣọ báyìí ni òrùka àti èékánná máa ń fà yọ.

Òwú gan-an ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo fọ́nrán òwú kan, pẹlẹbẹ tó lọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni a ó rí, ojú rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ní 1850 ni ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Mercer gba àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tó fi ń ki òwú bọ inú kọ́sítíìkì, kọ́sítíìkì kan náà tí àwọn aláàdìrẹ wa ń dà sínú aró. Fọ́nrán náà á wú, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto. Ní nǹkan bí 1890, Horace Lowe rí i pé bí wọ́n bá na òwú náà nígbà tó wà nínú kọ́sítíìkì, tí wọn kò jẹ́ kó súnkì, yóò máa dán. Léèsì olówùú tó ń dán díẹ̀ láìní ọ̀rá nínú, irú èyí tí àwọn ará Lustenau ní Austria ti ń ṣe fún ọjà Nàìjíríà láti bí ọdún 1960 síwájú, kò lè ṣe aláìjẹ gbèsè ọgbọ́n yìí. Sílíìkì kò nílò kọ́sítíìkì ní tirẹ̀, nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ó sì tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ó ń yà, ó sì ń jáde ní igun mìíràn.

Níbi aṣọ òkè ni ìyìn mi ti dínkù. Sányán tòótọ́, tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, kì í kọ mànà bíi sílíìkì ilé iṣẹ́, nítorí pé gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n ọ́n ní fọ́nrán kéékèèké. Dídán rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì jinlẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Òwú lásán tí wọ́n pa láró kí ó lè ní àwọ̀ sányán ni wọ́n ní, wọn kò sì pè é ní ohun mìíràn, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ìyókù jẹ́ èyí tí wọ́n fi òwú ṣáínì-ṣáínì há láàárín, ìyẹn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tínínrín bò, tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Àwọn ayàwòrán kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí pé bí iná kámẹ́rà bá ti bà lé e, ojú ibẹ̀ á funfun báláú, iṣẹ́ ọnà tó wà lára aṣọ á sì pòórá nínú fọ́tò.

Àrán wọn dára púpọ̀. Ojú irun wíwúńwúń ni ìmọ́lẹ̀ ń pàdé lára àrán. Ó ń wọ àárín irun náà, ó ń lu èyí, ó ń lu ìyẹn, irun kọ̀ọ̀kan sì ń gba tirẹ̀ nínú rẹ̀ kí ìyókù tó rí ọ̀nà jáde. Bí àrán dúdú ṣe ń dúdú mìnìjọ̀ ju sátìn dúdú lọ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ṣe pé aró kan náà ni wọ́n fi pa wọ́n. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú àrán búlúù kan lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ra á lọ sókè, ibi kan náà ṣú bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ọfà sí ẹ̀yìn aṣọ náà láti fi ibi tí irun kọjú sí hàn, ó ní kí n rí i pé télọ̀ kò gé apá kan sókè kí ó gé èkejì sísàlẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn níye lórí. Mo ti rí agbádá àrán kan lóde ìgbéyàwó ní Sùúrùlérè tí apá ọ̀tún rẹ̀ dà bí ẹni pé inú ìdì mìíràn ni wọ́n ti gé e, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan ṣoṣo ni. Télọ̀ ló yí irun rẹ̀ padà.

Aṣọ funfun ni mo ti rí ohun tó wù mí jù. Oníbàárà kan ń ra léèsì olówùú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní òun kò fẹ́ fi láínìn sí i nítorí ooru. Ìyá náà kò bá a jiyàn. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ náà, a kò sì rí ju òjìji ìka rẹ̀ lọ. Ó wá ki ìka kejì bọ inú omi tó ń mu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú aṣọ náà, lójú ẹsẹ̀ ni òrùka wúrà ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere láti abẹ́ ibi tó tutù náà. Oníbàárà náà ra láínìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, eré náà dín sí nǹkan bí 225,000. Nínú fọ́nrán òwú fúnra rẹ̀, kò tó 200,000. Níbikíbi tí nǹkan méjì bá ti pàdé, bí ìyàtọ̀ eré ìmọ́lẹ̀ nínú wọn bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà tí ó sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà tó. Aṣọ òwú gbígbẹ kún fún àìmọye ojú ààlà láàárín fọ́nrán àti afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń tú ká ní gbogbo rẹ̀, ohun tó ń sọ ọ́ di funfun tí ojú kò fi lè là á kọjá nìyẹn. Bí omi bá lé afẹ́fẹ́ jáde, tó sì gba ipò rẹ̀, ìyàtọ̀ náà á kéré, ìmọ́lẹ̀ á sì máa kọjá lọ tààrà, á sì mú òrùka bọ̀ wá fún wa. Àǹkárá tó tutù ń ṣú fún ìdí kan náà: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé jìnnà sí i, aró sì ń rí ààyè gbé púpọ̀ sí i mì. Ìlú tí òjò ti lè bá ènìyàn láàárín ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì sí ibi àpèjẹ ni Èkó, òógùn sì wà níbẹ̀ bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀.

Ọ̀rọ̀ léèsì olókùúta kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tó bá jẹ́ gíláàsì tí wọ́n gé ojú rẹ̀ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kọrọ ju ọ̀rá lọ, wọ́n sì fi nǹkan tó dà bíi dígí bo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà ó ń kọ yẹ̀rì ní gbogbo ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá mira. Ti ọ̀rá náà ń dán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti họ, ó parí. Gíláàsì máa ń tutù lára bí ènìyàn bá fi kan ètè. Wọ́n gbà wá láyè láti dán èyí wò.

Àwọn àléébù ibẹ̀ kò kéré. Fèrèsé tí mo ń yìn yìí náà ń ba ọjà jẹ́, nítorí pé ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí máa ń já aró aṣọ, àwọn aṣọ tó wà níwájú sì ti ń ṣá ní ibi tí wọ́n ti ká wọn. Kí ẹni tó bá ń ra aṣọ níbẹ̀ ní kí wọ́n gé e láti inú ìdì, kí ó má gba èyí tí wọ́n fi ṣe àfihàn. Àríwá ni fèrèsé náà kọjú sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé oòrùn kì í wọ fèrèsé àríwá tààrà. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀: láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tẹ̀ sí lókè orí wa, nítorí náà bí kò bá sí kùrukùru, ojú aṣọ máa ń mọ́ jù nígbà yẹn, àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ á sì dà bí ẹni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ púpọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ta aṣọ ìkélé funfun tínínrín kan síbẹ̀. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Yàrá kékeré tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò kò bá ìṣe wọn mu rárá. Gílóòbù búlúù-funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òkè orí ló sì wà, tó fi ń sọ awọ ara di eérú tí ó sì ń da òjìji sí abẹ́ ojú. Kò sí aṣọ tó lè wu ènìyàn lára ara rẹ̀ nínú dígí yẹn. Afẹ́fẹ́ kò tó nínú ṣọ́ọ̀bù náà, àga kan péré ló wà fún oníbàárà, bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Wọn kì í gba aṣọ tí wọ́n bá ti gé padà, èyí tí mo kà sí ẹ̀tọ́ wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní kí oníbàárà wo ọjà dáadáa kí wọ́n tó gé e.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ láàárọ̀, kí èrò tó kún àtẹ̀gùn, kí ó sì mú gèlè, fìlà tàbí bàtà tí ó fẹ́ fi bá aṣọ náà mu dání, nítorí pé fọ́tò orí fóònù kò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí: kámẹ́rà máa ń tún àwọ̀ ṣe bí ó ti fẹ́. Bí ó bá jẹ́ àpèjẹ alẹ́ ni wọ́n ń ra aṣọ náà fún, kí ó ní kí wọ́n gbé e padà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ gílóòbù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wò ó lójú fèrèsé. Wọn kì í bínú sí i. Ẹni tó ń wá sányán tòótọ́, kí ó gba Ìṣẹ́yìn lọ.